Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Celica: Ọjọ́ Méjì ní Suame Magazine, Kumasi

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ mi ti ń dún kí n tó gbà pé ó ń dún. Bí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Bírékì tó fẹ́ parí a máa ké. Bátìrì tó bá kú, ọkọ̀ kò ní jí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kù kì í kú lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kú, ikú náà sì ń mọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ lára. Lánàá ó gbọ̀n díẹ̀, lónìí ó gbọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìwọ̀n tí ara kò lè mọ̀. Ẹni tó ń wà á á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù níbi tí kì í ti í dín in kù tẹ́lẹ̀, á máa di sítíà mú ṣinṣin, á sì máa bú títì pé òun ló bàjẹ́.

Àbúrò mi obìnrin tó wá kí mi láti Ìbàdàn ló là mí lójú. Láti Kejetia dé oríta ńlá Suame kò jìnnà, àmọ́ kí a tó débẹ̀ ó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí ọkọ̀ yìí ṣe máa ń ṣe nìyí?”

Mo ní kí ló ń ṣe. Ó ní bí mo bá tẹ bírékì, imú ọkọ̀ á wólẹ̀ bí àgbò tó fẹ́ kàn. Bí a bá gun bọ́ǹpù, ọkọ̀ á lọ sókè, á wá sílẹ̀, á tún lọ sókè, nígbà tí a ti fi bọ́ǹpù náà sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní nǹkan kan sì ń kàn “gbọ̀, gbọ̀” lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Mo dákẹ́, mo tẹ́tí. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

Toyota Celica ọdún 1995 ni ọkọ̀ náà, onílẹ̀kùn méjì, tí iná iwájú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí róbótó bí ojú òwìwí. Jámánì ló ti wá, ó gba èbúté Tema wọlé. Kì í ṣe ọkọ̀ olówó, ọkọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ ni. Ẹni tó bá sì mọ ìtàn eré ìje ọkọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà kò ní fojú kékeré wo orúkọ yẹn. Celica tó ṣáájú tèmi ló gba ipò kìíní nínú eré Bandama ti Côte d'Ivoire lọ́dún 1983, Björn Waldegård ará Sweden ló wà á. Celica yẹn náà ló gba eré Safari ti Kenya lọ́dún 1984, 1985 àti 1986 léraléra. Inú eruku, kòtò àti òkúta ni wọ́n ti sá eré wọ̀nyẹn, níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ jìyà. Tèmi kò bá ẹnikẹ́ni díje. Ọ̀nà Offinso àti ọ̀nà Ejisu ló ń rìn, lẹ́yìn gbogbo ọdún tó ti lò ní Jámánì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti tán.

Lẹ́nu fítà Kumasi àti lẹ́nu mẹkáníìkì Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀kù ni gbogbo ẹsẹ̀ náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ló wà níbẹ̀. Sípíríǹgì ló ru ẹrù. Òun ló gbé ọkọ̀ dúró tí ara ọkọ̀ kò fi jókòó lé táyà. Àmọ́ sípíríǹgì kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ fi í sílẹ̀, á fò sókè, á sọ̀ kalẹ̀, á tún fò. Ṣọ́ọ̀kù ló ń sọ fún un pé ó tó. Inú ọ̀pá irin gbọọrọ kan tó ní ihò nínú ni epo wà. Ọ̀pá mìíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dán bíi dígí, wọ inú epo náà, orí rẹ̀ sì ní ìdérí tí ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀. Bí táyà bá já sí kòtò, ọ̀pá á fẹ́ sáré, epo á ní kó rọra, nítorí pé ihò tí epo máa gbà kọjá kéré. Agbára tí sípíríǹgì ì bá fi máa fò ni epo ń sọ di ooru. Ẹ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kù tó dáa lẹ́yìn ìrìn kìlómítà mélòó kan lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Èyí tó bá tutù ti fẹ̀yìn tì.

Lára Celica mi, wọ́n so méjèèjì pọ̀ sójú kan ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sípíríǹgì yí ṣọ́ọ̀kù ká, orí wọn dè mọ́ ara ọkọ̀ lókè, ìdí wọn dè mọ́ nọ́kù, ìyẹn egungun tí táyà jókòó lé. Ti iwájú sì ń yí bí sítíà bá ti ń yí. Earle MacPherson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Ford Consul àti Zephyr, tí wọ́n fi han aráyé ní London lọ́dún 1950, wà lára àwọn ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbé e wọ ọjà. Iṣẹ́ ọlọgbọ́n ni: kò gba àyè, kò wọ́n, ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àpò kan náà ni wọ́n kó ẹyin sí. Ẹsẹ̀ yìí tó ń pa ìfò sípíríǹgì kú náà ló di táyà mú kó dúró ṣánṣán, òun náà ló gba ipa bírékì sára. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn ló rẹ̀.

Èrò ọkọ̀ a máa rò pé ìtura nìkan ni ṣọ́ọ̀kù wà fún. Rárá o. Nígbà tí ara ọkọ̀ bá ń mì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, táyà lábẹ́ rẹ̀ lè máa mì tó ìgbà mẹ́wàá. Bí ṣọ́ọ̀kù kò bá dá a lẹ́kun, ńṣe ni táyà á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ọ̀dà, á bà lé ilẹ̀, á gbéra, á tún bà lé e. Táyà tó gbéra nílẹ̀, bírékì kò rí i mú, sítíà kò rí i darí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ó bá gegele àti kòtò lójú rẹ̀ bí ebè oko iṣu. Tèmi rí bẹ́ẹ̀. Táyà tí kò tíì pé ọdún kan ni.

Mo gbé e lọ sí Suame Magazine. Ẹni tí kò bá débẹ̀ rí, kó pa ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin pọ̀ mọ́ gbogbo abúlé mẹkáníìkì Ìbàdàn, kó wá kó àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ń jó irin àti àwọn tó ń rọ ẹ̀rọ ọlọ lé e lórí. Iye tí wọ́n sábà máa ń dá ni pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ìyẹn 200,000. Orúkọ Magazine kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Ilé tí àwọn ológun ìjọba amúnisìn ń kó ọta ìbọn sí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àyíká irú ilé yẹn nínú ìlú ni àwọn fítà kọ́kọ́ pé jọ sí, nígbà tí wọ́n sì kó lọ sí Suame ní ẹ̀bá ìlú, wọ́n gbé orúkọ dání lọ.

Wọn kì í ṣe àwọn tó kàn ń tú bóòtì. Ilé ẹ̀kọ́ gíga KNUST tó wà ní Kumasi dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ lọ́dún 1972 láti máa gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ jáde fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ṣíṣe bóòtì irin sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Lọ́dún 1980, wọ́n gbé ilé iṣẹ́ ìkọ́ni kan kalẹ̀ sí Suame fúnra rẹ̀, kí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tí ń gé irin, kí wọ́n sì ra tiwọn. Lọ́dún 2013 ẹ̀wẹ̀, àwọn oníṣẹ́ Suame pẹ̀lú Melle Smets, ayàwòrán ará Netherlands, àti Joost van Onna, kan odidi ọkọ̀ kan látinú ohun tó wà nílẹ̀ nínú Magazine. Turtle, ìyẹn ìjàpá, ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó lè ti inú àkìtàn irin yọ odidi ọkọ̀ jáde kò ní ṣàì mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù. Mo ń sọ èyí nítorí pé púpọ̀ nínú àwa tó kàwé ni ẹnu wa kì í gbé oyè ẹnjiníà fún ẹni tí epo dúdú bá wà ní èékánná rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá tí mo lọ bá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Twi ló fi ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wí, Hausa ló sì fi ń ná ọjà. Aboabo ní Kumasi níbí ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìnísà àti Ṣakí ni ìyà náà kó sí lára jù. Ọ̀pọ̀ wọn ti fi ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, tajà nílẹ̀ yìí. Nílé, níbi tí wọ́n lé bàbá rẹ̀ padà sí, ni ọ̀gá ti kọ́ iṣẹ́, lọ́dọ̀ fítà ará Gánà kan. Àwọn ará Gánà pọ̀ nílé wa nígbà náà, kí ìjọba Shagari tó lé àwọn náà padà lóṣù kìíní ọdún 1983. Ọ̀gá rẹ̀ ń lọ sílé, òun náà tẹ̀ lé e. Ó ní, “Bọ̀dá, ibi tí wọ́n ti lé bàbá mi ni èmi padà wá jẹun.” Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàròyé. Ó ti ń tẹjú mọ́ abẹ́ ọkọ̀ mi nígbà yẹn.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ imú Celica náà wálẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lójijì. Ọkọ̀ lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀. Ó ní ó yẹ kó lọ, kó bọ̀, kó dúró. Ó tan iná sí abẹ́ ibi tí táyà wà. Epo ti sun jáde lára ṣọ́ọ̀kù iwájú ti apá ọ̀tún, eruku sì ti gbá a mú bí àkàrà tí wọ́n yí nínú gàrí. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ kan máa yí sítíà, ó gbé ọwọ́ lé sípíríǹgì, ó ní kí n gbé tèmi náà lé e. Sípíríǹgì kò yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó há, ó sì fò lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìró “gàn-án”. Bẹ́árìn orí ṣọ́ọ̀kù ti kú nìyẹn. Rọ́bà tó gbé orí náà sì ti sán, òun ló ń kàn gbọ̀, gbọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé lórí gbogbo àyẹ̀wò yìí, kò sì so kọ̀ǹpútà kankan mọ́ ọkọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí a ti fẹ́ ra ẹsẹ̀ tuntun.

Ọdún méjì ṣáájú ìgbà yẹn, mo ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Tòkúnbọ̀ ni mo rà, tí wọ́n ń pè ní “home used” ní Gánà. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti tuntun, ẹni tó tà á fún mi sì gbé e dúró lórí sìmẹ́ǹtì, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n wo bó ṣe le. Mo wò ó, ó le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agbára àtẹ́lẹwọ́ kì í ṣe agbára kòtò. Ọwọ́ ènìyàn ń ti ọ̀pá náà wọ́ọ́rọ́, ihò tí epo ń gbà nígbà tí eré bá pọ̀ kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lè ṣáná sí ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ lè wo ojú táyà tòkúnbọ̀ kí ẹ mọ èyí tó kù nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kù kò ní ojú, kò ní ohùn. Ó ti gbé ọkọ̀ kan ká ìlú òyìnbó fún ọdún mẹ́wàá, ọdún márùn-ún-dín-lógún, wọ́n yọ ọ́ lára òkú ọkọ̀, ó dùbúlẹ̀ nínú kọ̀ńténà, ó tún wá jókòó sínú oòrùn. Rọ́bà tó ń di epo rẹ̀ mú ti gbẹ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà. Ohun tí mo rà nìyẹn. Kò pẹ́ lára ọkọ̀ mi kó tó dà bí èyí tí wọ́n yọ kúrò.

Fún Celica, ọ̀rọ̀ tún ní ẹ̀ka mìíràn. Láti ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 1974 ni Gánà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún títì, òfin kò sì gba kí ọkọ̀ tí sítíà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọlé. Nítorí náà Celica ti àwọn ará Japan kì í wọlé ní odidi. Gígé ni wọ́n ń gé wọn, ẹ́ńjìnnì, gíà àti ẹsẹ̀, tí wọ́n á sì tà wọ́n lóríṣiríṣi. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Toyota ṣe ẹsẹ̀ iwájú méjì fún irú Celica yìí. Èyí tó wà lára tèmi ni ti gbogbo ayé. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní Super Strut, wà lára àwọn kan tí wọ́n tà ní Japan àti lára Celica GT-Four tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Nọ́kù rẹ̀ yàtọ̀, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Lójú ẹni tó ń tà á, Celica ni, ọdún rẹ̀ bá a mu, ó tán. Ọmọ iṣẹ́ kan tilẹ̀ ti gbé méjì dé kí ọ̀gá tó rí i. Ó wo ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kó dá a padà kíákíá kí olówó tó ti ilé ìtajà.

Mo bi í pé kí ló dé tí tòkúnbọ̀ fi kún gbogbo ilé ìtajà bí gbogbo fítà bá mọ̀ pé kò dáa. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó dá mi lóhùn. Ó ní bí òun bá sọ fún oníbàárà pé tuntun ni kó rà, méjì iwájú tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú rọ́bà orí àti bẹ́árìn, oníbàárà á ní òun ń bọ̀. Ilé kejì ló máa yà sí, níbi tí wọ́n á ti bá a wá èyí tí kò wọ́n. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà á padà dé, á máa sọ pé fítà Magazine kò mọ iṣẹ́.

Mo rò ó títí, n kò rí ibi tí mo lè já a sí. Ẹjọ́ tí a máa ń dá fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa, ní Kumasi bí ní Ìbàdàn, pé gbà-máà-bínú ni gbogbo iṣẹ́ wọn, àwa tí a ń pe owó ni ẹjọ́ náà tọ́ sí. Àwa la máa ń ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì kò gbọdọ̀ yàtọ̀ síra, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí a bá tẹ bírékì. Àwa la máa ń ní kí wọ́n fi rọ́bà àtijọ́ sí orí ṣọ́ọ̀kù tuntun. Àwa la máa ń sọ pé àpò rọ́bà tó bo ọ̀pá, tó ti ya, kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Eruku pupa ọ̀nà wa sì dúró de ihò yẹn. Iyanrìn á bà lé ọ̀pá tó ń dán, á ha á, ojú ibi tó ha á máa gé rọ́bà tó di epo mú bíi ayùn. Owó ńlá tí a fi ra ṣọ́ọ̀kù tuntun á sun jáde pẹ̀lú epo láàárín ọdún kan, nítorí àpò rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó oúnjẹ ọ̀sán.

Mo ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti KYB. Kayaba, ilé iṣẹ́ ará Japan, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọdún 1919 ni orírun rẹ̀. Ayédèrú wà nígboro, nítorí náà ọ̀gá tú páálí kọ̀ọ̀kan, ó wò ó bóyá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara irin bá ti ara páálí mu. Ó ti ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wọlé, ó fi í sílẹ̀, a sì jọ ń wò ó bó ṣe ń jáde fúnra rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, láìdúró lọ́nà, nítorí gáàsì tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú epo. Ó tì wọ́n wọlé, ó fà wọ́n jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòró kó tó gbé wọn sílẹ̀. Dídùbúlẹ̀ ni wọ́n ti wà nínú páálí, afẹ́fẹ́ á ti ráyè wọ ibi tó yẹ kó jẹ́ epo nìkan.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n dẹ nọ́ọ̀tì táyà nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀, wọ́n fi jáàkì gbé e, wọ́n sì ti àga irin bọ abẹ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé àga irin ni, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Ọ̀gá fi ìṣó líle àti òòlù sàmì sí ibi tí ìdí ṣọ́ọ̀kù àti nọ́kù ti pàdé, kó tó kan bóòtì kankan, torí ìyàtọ̀ kékeré níbẹ̀ ló ń sọ bóyá táyà á dúró ṣánṣán tàbí á tẹ̀. Wọ́n yọ rọ́bà bírékì àti wáyà kúrò lára ẹsẹ̀, wọ́n tú líńkéèjì. Bóòtì méjì ìsàlẹ̀ ti dípẹtà. Alẹ́ àná ni wọ́n ti bu epo sí wọn, síbẹ̀ wọ́n jà. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló di orí ẹsẹ̀ mú lókè, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín wọn, ọ̀gá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ó kàn fi sípánà dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì di gbogbo rẹ̀ mú, ó sì yọwọ́.

Nọ́ọ̀tì yẹn ló lè pa ènìyàn. Òun nìkan ló dá sípíríǹgì lẹ́kun. Sípíríǹgì náà, tó ń gbé ìdámẹ́rin ọkọ̀ tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, wà ní fífún nínú ẹsẹ̀ náà àní nígbà tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì yẹn láìkọ́kọ́ de sípíríǹgì mọ́lẹ̀, ohun tó máa fò lù ú lágbára ju òòlù lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi wáyà dè é rí. Mo ti rí ibi tí èèyàn méjì ti gun orí rẹ̀ kí ẹnì kẹta lè tú nọ́ọ̀tì. Ọ̀gá yìí ní irin méjì olójú ìkọ́, tí ọ̀pá oníyìípo gígùn la àárín wọn kọjá. Ó fi ọ̀kan kọ́ apá ọ̀tún sípíríǹgì, ó fi èkejì kọ́ apá òsì, ó sì ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí sípíríǹgì fi sún kúrò lára ìjókòó rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń yí i, kò sí ọmọ iṣẹ́ kan tí orí rẹ̀ wà ní ọ̀kánkán ibi tí sípíríǹgì dojú kọ. N kò gbọ́ kó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó ti wọ̀ wọ́n lára.

Nígbà tí nọ́ọ̀tì ńlá jáde, wọ́n kó àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n ṣe ń jáde, kí títò wọn padà má baà dàrú. Mo gbé ṣọ́ọ̀kù àtijọ́, mo ti ọ̀pá rẹ̀. Ó wọlé bí ìka ṣe ń wọ ẹ̀kọ, kò sì padà jáde mọ́. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ fi páláyà gbá ọ̀pá tuntun mú kó lè fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Ìgbe tí ọ̀gá fi bọ ẹnu dé ilé kejì. Ojú ọ̀pá tí páláyà bá jẹ ti di ayùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yí orí ìsàlẹ̀ sípíríǹgì títí ó fi jókòó síbi tí wọ́n gbẹ́ fún un, wọ́n fi rọ́bà àti bẹ́árìn tuntun dé e, wọ́n rọra tú irin ìfúnpọ̀. Ẹsẹ̀ kan parí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù gbà wọ́n títí di àṣálẹ́, nítorí ti ẹ̀yìn wà lábẹ́ ìjókòó àti pátákó tí a ní láti tú kí a tó rí nọ́ọ̀tì orí wọn.

Ohun kan wà tí ọ̀gá fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Àwọn bóòtì tó la rọ́bà kọjá lábẹ́ ọkọ̀, kò fún wọn le tán nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ dẹ̀ẹ̀dẹ̀. Ó dúró dìgbà tí ọkọ̀ fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé táyà. Bí wọ́n bá fún un lórí jáàkì, ara rọ́bà á ti lọ́ kí ọkọ̀ tó délẹ̀, á máa wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ya. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe àláìnmẹ́ńtì. Àmì tí ọ̀gá fi ìṣó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹ̀rọ mu, ohun tí wọ́n yí kò pọ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, èmi àti àbúrò mi gba ọ̀nà Kuntanase lọ sí adágún Bosomtwe, ìrìn bí ọgbọ̀n kìlómítà sí Kumasi. Òkúta kan láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ kòtò yẹn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Títì á gun òkè, á dé etí kòtò, omi á yọ nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà á sì máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ wálẹ̀ dé Abono. Àbúrò mi kò sọ nǹkan kan ní gbogbo ọ̀nà. Bọ́ǹpù kan wà níwájú wa lábúlé. Mo tẹ bírékì díẹ̀, imú ọkọ̀ kò wólẹ̀. A gùn ún. Ọkọ̀ lọ, ó bọ̀, ó dúró. Mo wo ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ àbúrò mi wà lórí itan rẹ̀, kò di ilẹ̀kùn mú.